Igbó Jíjẹ Tó Ń Yára Mú Ènìyàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láti Ṣọ́ọ̀bù Oògùn ní Ṣàgámù

Apòògùn ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí Sábó níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ìbéèrè kan wá bá mi tí kò sí nínú ìwé tí mo kà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ọmọ tó ti Kánádà wá ṣe Ojúde Ọba gbé gọ́ọ̀mì, súìtì rírọ̀ tí wọ́n fi igbó sí, sínú báàgì, páálí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ní kéèkì igbó tí àwọn rí ní páátì náà “ń yára”. Màmá ń bi mí, bàbá ń bi mí, ọlọ́kadà tó wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí náà ń bi mí. Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí, nítorí ẹnu ti ń ro mí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni polówó ọjà. Ẹni tí kò mọ bí nǹkan yìí ṣe ń rìn nínú ara ló ń jẹ ẹ̀ẹ̀kejì kí ẹ̀ẹ̀kíní tó dé, irú wọn ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi.

Kí ló dé tí igbó mímu fi ń tètè mú ènìyàn, tí igbó jíjẹ sì máa ń pẹ́?

THC ni ohun tó ń mú ènìyàn nínú igbó. Ọdún 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì. Bí ènìyàn bá mu igbó, èéfín wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ọpọlọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tí wọ́n jẹ gba ọ̀nà àrìnyíká. Ikùn á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìfun kékeré, ìfun ló máa gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun bọ̀ kì í sì í lọ sí ọpọlọ tààrà, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹ̀dọ̀ dà bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ojú títì: kò sí ẹrù tó kọjá tí wọn ò ní tú wò. Á fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú THC náà, á sọ òmíràn di 11-hydroxy-THC, tí òun gan-an tún rọrùn fún láti wọ ọpọlọ ju THC lọ. Nínú 100 tí ènìyàn gbé mì, nǹkan bí 4 sí 12 péré ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ní THC.

Ìdí nìyí tí kéèkì lásán fi ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 2 kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Wákàtí 2 sí 4 ló fi ń ga jù, ó sì lè wà lára fún wákàtí 6 sí 8, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí èyí tó ń yára?

Ọ̀rọ̀ omi àti epo ni. THC jẹ́ ọmọ epo, kò bá omi ṣe. Inú ènìyàn sì rèé, omi ló kún un: itọ́, omi inú ikùn, omi inú ìfun. Epo tó bá wọ ibẹ̀ á kó ara rẹ̀ jọ bí epo pupa ṣe ń kó jọ sójú ọbẹ̀ tó ti tutù. Ìfun ò rí epo tó kó jọ bẹ́ẹ̀ gbà. Ara ní láti kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, òróòro tó ń ti ẹ̀dọ̀ wá ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òróòro ló ń ka òróró mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ àkókò.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe èyí tó ń yára ṣe ni pé wọ́n bá òróòro ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti fọ́ epo náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti fi nǹkan bò ó kí ó má baà tún kó jọ, kí ó tó dé ẹnu ẹni tó máa jẹ ẹ́ rárá.

Ẹni tó bá ti po mọ́ínmọ́ín rí ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wà tí a lọ̀, tí a ti fi omi là. Ẹ da òróró lé e lórí, ẹ ó rí i tó dúró síbẹ̀, tó ń dán. Ẹ fi ṣíbí igi pò ó, ẹ máa pò ó lọ títí apá á fi máa ro yín. Òróró á rá mọ́ ọn, àwọ̀ ẹ̀wà á mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ ò sì ní rí òróró kankan lójú rẹ̀ mọ́. Kí ló dì í mú? Lecithin wà nínú ẹ̀wà, pẹ̀lú àwọn èròjà amáradàgbà. Apá kan ara lecithin fẹ́ràn omi, apá kejì fẹ́ràn epo, ló bá di onílàjà àwọn méjèèjì. Lecithin inú ẹ̀wà sóyà wà lára ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń lò gan-an. Àwọn mìíràn ń lo polysorbate, àwọn mìíràn ń lo ohun tó ń hó bí ọṣẹ tí wọ́n yọ lára èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní quillaja, tó ń hù ní Ṣílè.

Apá àti ṣíbí igi kò tó fún tiwọn ṣá. Ẹ̀rọ ni, tó ń fi agbára ńlá ti epo àti omi gba ojú ihò tóóró kọjá, tàbí èyí tó ń fi ìró tí etí ènìyàn kò gbọ́ gbọn epo náà títí á fi fọ́. Èyí tó bá jáde ni páálí ń pè ní nanoemulsion.

Báwo ni ẹ̀kán epo náà ṣe kéré tó?

Nánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó 80,000 sí 100,000 nánómítà. Ẹ̀kán epo inú èyí tó ń yára sábà máa ń wà láàárín 20 sí 200.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀kán epo kan fẹ̀ ní 10,000 nánómítà, ká wá fọ́ ọ títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi di 100. Ẹ̀kán kan yẹn á di mílíọ̀nù kan. Epo náà ò pọ̀ sí i o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ń kan omi á di ìlọ́po 100, ibi tí epo ti ń kan omi sì ni ara ti ń rí i mú. Ẹ̀yin ará ilé wa, ìdí kan náà la ṣe ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ dípò ká gé e gbàǹgbà sínú ìkòkò. Èyí tí a rin ń tètè jinná, ata àti epo sì ń wọ̀ ọ́ kíá.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ ń mọ̀ ọ́n lára láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ó ń tètè ga, ó sì sábà máa ń tètè lọ ju ti kéèkì lásán.

Páálí tí ọmọ mi mú wá ní kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò gbà. Ohunkóhun tí ènìyàn bá gbé mì, tí ìfun gbà, ẹ̀dọ̀ ló ń lọ. Kò sí bí ẹ ṣe fọ́ epo náà kéré tó tí ẹ̀jẹ̀ ìfun fi máa yí ọ̀nà padà. Ẹnu ọ̀nà ìfun ni nanoemulsion ti rí ìyára tirẹ̀.

Èyí tó ń yẹra fún ẹ̀dọ̀ ni èyí tí awọ inú ẹnu bá gbà, lábẹ́ ahọ́n tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ Sativex, tí wọ́n ń fín sí ẹnu àwọn tí àrùn multiple sclerosis ń mú iṣan wọn le gan-an. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀ itọ́ ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Gọ́ọ̀mì tí wọ́n jẹ lẹ́nu ní ìgbà mẹ́ta tí wọ́n gbé mì ńkọ́? Díẹ̀ báyìí ni ẹnu máa rí gbà níbẹ̀.

Ó yára, ṣé ó wá lágbára jù ni?

Ọ̀tọ̀ ni ká yára, ọ̀tọ̀ ni ká lágbára. Àmọ́ wọ́n pàdé níbì kan: nígbà tí epo bá ti di wẹ́wẹ́, èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Mílígíráàmù 5 ti èyí tó ń yára lè mú ènìyàn ju mílígíráàmù 5 ti kéèkì lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ló wà lára páálí méjèèjì. Ẹni tó ti mọ ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ọ̀kan kò tíì mọ̀ ọ́n nínú èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ìlú tó fi òfin gbà á ṣe bẹ̀rù rẹ̀ tó: Kánádà, tó gba èyí tí wọ́n ń jẹ láàyè ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, kò jẹ́ kí páálí kan ju mílígíráàmù 10 lọ. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, 10 ni wọ́n pè ní ẹ̀ẹ̀kan, 100 ló lè wà nínú páálí odindi. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, 2.5 ni wọ́n máa ń ní kó má kọjá. Gọ́ọ̀mì kan tí kò tó ojú ìka lè ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Kéèkì tí wọ́n ń tà ní páátì níbí ńkọ́? Wọ́n ní ó ń yára.

Ẹ̀rọ tí mo sọ lókè yẹn kò sí nínú kíṣìnì ẹnikẹ́ni. Bọ́tà tàbí òróró tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ igbó ló wà nínú kéèkì yẹn, ohun àtijọ́ náà ni, tó ń gba ọ̀nà àrìnyíká. Kò sì sí ẹni tó mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Apá kan kéèkì kan náà lè kún ju apá kejì lọ, nítorí ọwọ́ ẹni tó pò ó kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, mo ti fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì gbé ìkẹta wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Páátì kan lójú ọ̀nà Ìpẹru ni wọ́n ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ, ó di etí káńtà mi mú bíi pé ilẹ̀ ń yí. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi fẹ́ já.” Mo ka ìlù ọkàn rẹ̀, ó lé ní 130. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ohun tó jẹ. Wọ́n ní kéèkì kan ni. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú tí kò rí nǹkan kan, ó ní wọ́n ti ta ayédèrú fún òun, ló bá jẹ ìkejì, ó tún gba àbọ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìkíní ò tíì kúrò ní ìfun nígbà yẹn. Nígbà tí gbogbo wọn jọ dé, wọ́n dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ “ó ń yára” tí ẹni tó tà á sọ ló ṣe é. Ká ní wọ́n sọ fún un pé á tó wákàtí 2, bóyá ì bá dúró. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó rìn tààrà.

Ohun kan wà tí mo tún máa ń sọ. Bí kéèkì ilé bá mú ènìyàn ní ìṣẹ́jú 5, ìbẹ̀rù ara rẹ̀ ni tàbí kó jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Kọ́lọ̀s, tí wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe, kì í ṣe igbó rárá, ó sì burú ju igbó lọ fíìfíì.

Ṣé mo lè fi blender ṣe tèmi nílé?

Rárá. Blender á fọ́ epo sí ẹ̀kán tó ṣì tóbi, wọ́n á sì tún kó jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàtọ̀ sí èyí, èmi kọ́ lẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé oúnjẹ tí mo ti jẹ tẹ́lẹ̀ ń yí i padà?

Gan-an ni. Oúnjẹ ọlọ́ràá máa ń mú kó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí èyí tó máa dé pọ̀ sí i. Ẹ ronú páátì wa: ẹni tó ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ elépo, tó jẹ ẹran dídín lé e, tó wá fi kéèkì lé e lórí. Á pẹ́ títí yóò fi rò pé kò ní ṣiṣẹ́. Èyí tó ń yára kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró de ọ̀rá oúnjẹ, torí wọ́n ti bá epo tirẹ̀ ṣe tán, àmọ́ ikùn tó kún ṣì máa ń dá a dúró díẹ̀.

Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ńkọ́, mọ́ńkì téèlì?

Ọtí ń yọ THC lára ewé dáadáa, olómi náà sì ni, kò nílò kí ikùn lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ewé tútù tí iná kò rà kò ní THC púpọ̀. THCA ló wà nínú rẹ̀, tí kì í mú ènìyàn bí THC, àfi tí ooru bá yí i padà. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ ń mú ọ̀pọ̀ ẹni tó mu ún ni ògógóró fúnra rẹ̀. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni kí ènìyàn mu ọtí, kó sì tún jẹ igbó. Ọtí máa ń jẹ́ kí THC inú ẹ̀jẹ̀ ga sí i, èébì àti òòyì wọn sì máa ń jọ ń rìn.

Ṣé nítorí igbó ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀?

Ọgbọ́n àwa apòògùn ni, wọ́n yá a lọ ni. Oògùn tó jẹ́ ọmọ epo pọ̀ lọ́wọ́ wa, gbogbo wọn ló ń fún ìfun ní wàhálà. Cyclosporine, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kì í wọ ara déédéé nígbà tó wà nínú epo lásán; ọ̀kan lè wọ̀ dáadáa lónìí kó má wọ̀ lọ́la. Ní 1995 ni Amẹ́ríkà gba Neoral wọlé, èyí tó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá ti kan omi inú ikùn. THC fúnra rẹ̀ ti di oògùn ní Amẹ́ríkà láti 1985: dronabinol ni, wọ́n rọ ọ́ sínú òróró yánmọtí nínú kápúsù, fún àwọn tí oògùn jẹjẹrẹ ń mú bì.

Òfin ńkọ́?

Jíjẹ àti mímu, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin Nàìjíríà. Òfin Indian Hemp ti wà láti 1966, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì ti wà láti 1989. Pé ó wà nínú gọ́ọ̀mì aláràbarà tí wọ́n fi rísíìtì rà ní Toronto kò yí nǹkan kan padà nígbà tó bá ti dé pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó di ẹrù.

Ó ti jẹ ẹ́ jù, ṣé kí n fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn fún ẹni tó bá jẹ májèlé, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ padà sókè lọ ka ohun tí mo sọ nípa epo. Inú epo ni THC ń gbé. Epo pupa tí ẹ bù fún un kò ní pa THC náà, ọkọ̀ ni ẹ ń fún THC wọ̀. Ọ̀rá mílíìkì náà ń kó o. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó ti ń tòògbé lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á ju igbó lọ. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ọ̀fun rẹ̀ pé kó bì. Àgbo ìtọ̀ màlúù ńkọ́? Ẹ má dán an wò.

Bó bá lajú, tó ń dáhùn, ẹ gbé e síbi tó tutù, tí ariwo kò sí, kí ẹnì kan jókòó tì í. Ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé á lọ, nítorí ẹ̀rù ni ìdajì àìsàn náà. Bó bá sùn, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Bí àyà bá ń dùn ún, bí ẹ bá jí i tí kò jí, bí gìrì bá mú un, bí èémí rẹ̀ bá ń fà, bó bá ń rí ohun tí ẹ ò rí, ilé ìwòsàn ni. Fún àwa tí a wà ní Rẹ́mọ, OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, wà nítòsí. Ẹ sọ òótọ́ ohun tó jẹ fún dókítà, kí ẹ sì mú páálí rẹ̀ dání. Dókítà tó mọ̀ pé èyí tó ń yára ni á mọ̀ bóyá ó ti ga dé òpin tàbí ó ṣì ń bọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ló rí i jẹ ńkọ́?

Ẹ má dúró wò ó bóyá á mú un. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣeré. Ara ọmọdé kéré, gọ́ọ̀mì kan ti pọ̀ jù fún un, ó sì lè sùn débi tí èémí rẹ̀ fi máa dín kù. Ọmọ ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí súìtì. Èyí tó ń yára tún ń dín àkókò tí ẹ ní kù.

Níwọ̀n bó ti ń tètè lọ, ìgbà wo ni mo lè wa mọ́tò?

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn. Ènìyàn lè rò pé ojú òun ti dá, kí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ má tíì jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ṣàgámù sí Orè mọ bí tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ yín wò níbi iṣẹ́, ó ń hàn fún ọjọ́ mélòó kan, fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ déédéé sì lè tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó. Ìyára rẹ̀ kò kan ìyẹn.

Gọ́ọ̀mì tó yọ́ nínú mọ́tò ní ọ̀sán, ṣé ó ṣì ń yára?

Ẹ̀gbọ́n kan ló bi mí èyí, ó bá a nínú báàgì ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dì pọ̀ di odidi kan. Ooru máa ń mú àwọn ẹ̀kán epo yẹn padà di ńlá, wọ́n á máa gbé ara wọn mì títí ìyára wọn á fi lọ. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí mẹ́wàá bá ti yọ́ di ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tí THC kó jọ sí. Ẹni tó bá gé igun kan lè má rí nǹkan kan, ẹni tó gé igun kejì lè jẹ ti ènìyàn mẹ́rin. Mo ní kí ó pò ó mọ́ eérú, kí ajá má baà rí i jẹ, kí ó sì dà á nù.